Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ilẹ̀ Olókè: Àwọn Òṣómàáló àti Ọ̀nà tí Kò Ní Mọ́tò

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí títì Òṣogbo sí Iléṣà kẹ́yìn tí kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀, tó dá páropáro?

Àwa rí i ní ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ìjọba ti ní kí ọkọ̀ má rìn títí ìdìbò yóò fi parí. Nígbà tí àwọn tó ní káàdì láàárín wa tẹ̀ka tán, a wọ́ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta jáde sójú títì tó wà nítòsí ilé tí à ń gbé. Àwọn ọmọdé ti ṣáájú wa débẹ̀, wọ́n ti to òkúta ṣe òpó gọ́ọ̀lù lórí ọ̀dà. A wa kẹ̀kẹ́ lọ, a wà á bọ̀. Kò sí fèrè, kò sí èéfín, kò sẹ́ni tó ń pariwo pé ká kúrò lọ́nà. Ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ kan ti gbá lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tó ń sáré lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ. Ẹni tó gbá a kò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di apá rẹ̀. Ọjọ́ ìdìbò yẹn ló tó tún gun kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó lọ sílé ní Iléṣà fún ọdún Àjíǹde, ó ròyìn ọjọ́ náà fún bàbá àgbà rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ rí i, inú yín sì ń dùn tó báyìí. Nígbà tiwa, ojoojúmọ́ lọ̀nà ń rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ìtàn tí a rí nídìí rẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín, nítorí kì í ṣe ìtàn kẹ̀kẹ́ nìkan. Ìtàn ogun ni, ìtàn ọkọ̀ ojú irin ni, ìtàn òwò ni, ìtàn bí ọ̀nà ṣe máa ń di ti ẹnì kan tí í sì í bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn jìnnà díẹ̀. Lórí òkè Alps, ní àríwá Ítálì, ọ̀nà kan wà tó ti ìlú Dobbiaco lọ sí Cortina d'Ampezzo. Inú àfonífojì ló gbà, òkè òkúta gìrìwò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 35 lọ, bíi ká sọ pé láti Òṣogbo dé Iléṣà. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ láti wá wa kẹ̀kẹ́, nítorí mọ́tò kì í gba orí rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun Austria àti ti Ítálì dojú kọ ara wọn lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irin sílẹ̀ láti fi kó ohun ìjà àti oúnjẹ. Ní 1921, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò gba ibẹ̀. Ní 1964, wọ́n pa á tì. Wọ́n ká irin kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí igbó gba ọ̀nà náà. Kẹ̀kẹ́ ló jogún rẹ̀.

Nígbà tí a kà nípa ọ̀nà yìí, a wo ara wa. Ilẹ̀ olókè ni wọ́n ní, ilẹ̀ olókè làwa náà ní. Ogun là á kọjá, ogun la tiwa náà kọjá. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin, a ní in. Wọ́n wa kẹ̀kẹ́, àwọn baba wa wà á débi pé wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Kí ló wá dé tí ọ̀nà tiwọn fi wà, tí tiwa kò sì sí?

Orúkọ ṣáájú ọmọ

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni wá, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "kẹ̀kẹ́" ti wà kí kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn tó dé ilẹ̀ wa. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní 1884, kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò sì wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ iná inú ìtàn Èlíjà náà wà níbẹ̀. Ohun tó bá ti ní àgbá tó ń yí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní 1884 yẹn, kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí kò tíì délé ayé tán. Karl Drais, ará Jámánì, ti ṣe ẹ̀rọ onígi ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ní 1817, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ẹni tó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ méjèèjì kẹ̀kẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop tó ń gbé ní Belfast ṣe táyà tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ tó di ohun tí èèyàn lè gùn lórí ilẹ̀ gbágungbàgun láìjẹ́ pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Àwọn èèyàn wa fi "ológeere" kún un, nítorí bó ṣe ń lọ geere láìpariwo.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà báyìí. Bí ẹ bá dúró ní Ọláìyá ní Òṣogbo lónìí, tí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró fún yín, èyí tí à ń pè ní Márúwá, tí wọ́n fi sọrí Buba Marwa tó ṣe alákòóso ológun ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 dé 1999. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì alápò epo ti gba orúkọ ọ̀kadà, láti ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Kẹ̀kẹ́ ológeere, tó kọ́kọ́ ni orúkọ yẹn lójú títì wa, ló wá di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí wọ́n tó mọ èyí tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ kì í dédé ṣí kúrò lórí nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣí, ayé náà ti ṣí nìyẹn.

Ogun tán, ọ̀nà là

Kí kẹ̀kẹ́ tó lè rìn, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà. Kí ọ̀nà tó lè wà, àlàáfíà gbọ́dọ̀ wà. Ìjẹ̀ṣà kò ní àlàáfíà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ní 1870, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kó Iléṣà. Ní 1877, ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà sì ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ìgbájọ ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí, àwọn Èkìtìparapọ̀ sì wà lápá Ìmèsí-Ilé. Àárín òkè àti àfonífojì ni wọ́n ti ń yìnbọn síra wọn, ìró ìbọn yẹn ni wọ́n sì ní ó sọ ogun náà ní Kírìjí. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 16. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti di géńdé kó tó parí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ pé ìbọn nìkan ni wọ́n mọ̀ wá padà sílé, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò máa ṣe. Àwọn kan gba oko lọ, kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn mìíràn gbá òwò mú. Ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹni bá gbà á ni wọ́n ń kó lẹ́rú di ọ̀nà tí èèyàn lè gbé ẹrù gbà kó sì padà wálé.

Ìgbà yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896. Ní 1901, ó ti ń ná Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di 1907, ó ti dé Òṣogbo, lẹ́yìn náà ló forí lé Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kò ya Iléṣà. Títí di òní, kò sí ojú irin tó dé Iléṣà. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé ohun tí ojú irin kò ṣe yìí ló dá apá ńlá sílẹ̀ nínú ìtàn tí à ń sọ. Òṣogbo di ibi tí ọjà ń sọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi John Holt, àti UAC tó dé lẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Aṣọ, iyọ̀, ìṣó, àtùpà, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà yẹn dé Iléṣà, kó sì kọjá Iléṣà dé àwọn abúlé Èkìtì àti Oǹdó, òun ni yóò wá ẹsẹ̀ tí yóò fi gbé e.

Ẹni tó lóṣòó

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló wá ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ ti gbọ́ orúkọ òṣómàáló rí, àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú kíláàsì. Òṣìṣẹ́ òwò ni wọ́n. Wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á gbé e lọ sí abúlé tó jìnnà sí ọjà ńlá, wọ́n á sì tà á ní àwìn. Àgbẹ̀ yóò san díẹ̀ lára owó rẹ̀, yóò wọ aṣọ fi ṣọdún, yóò sì san ìyókù nígbà tó bá tà ìkórè. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, òṣómàáló á wá sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á sì lóṣòó síbẹ̀. Kò ní jókòó, kò sì ní dúró. Ohun tí wọ́n ní ó máa ń sọ ló di orúkọ rẹ̀: òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun.

Ẹ má fojú kéré òwò yìí. Àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ àyàfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ta ni yóò yá a láṣọ? Báńkì kò mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ òyìnbó kò mọ ọ̀nà abúlé rẹ̀. Òṣómàáló mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí kòkó rẹ̀ yóò gbẹ. Òwò àìlẹ́rìí ni, ojú tí wọ́n ti mọ ara wọn ló dúró bí ìwé.

Orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ru ẹrù náà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wá pọ̀ nílùú, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ tí a rí nínú fídíò òkè Alps. Raleigh tó ń wá láti Nottingham ni, tàbí Hercules tàbí BSA láti Birmingham. Dúdú ni, irin ni láti òkè délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ìwúwo rẹ̀ lè tó kílógíráàmù 20 kí ẹrù tó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹ́ríà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọjà ń gbé. Olùkọ́, kátíkíìsì àti wolé-wolé náà ń gun irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ru ju ìwé àti àpò lọ.

Ohun tí Bàbá sọ

A lọ bá Bàbá ní Iléṣà, àwa mẹ́rin. Bàbá kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́n díẹ̀ nígbà ogun Hítílà. Wọ́n ṣì ń pe ilé ní "ulé", iṣu ní "uṣu", bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é, inú wa sì dùn nítorí ohun tí a kà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀ka èdè ló ń ti ẹnu wọn jáde.

Bàbá ní àwọn kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá àwọn. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú ẹrù lórí kí wọ́n tó ra Raleigh àlòkù tiwọn. A bi wọ́n bí ìrìn àjò ṣe ń rí. Wọ́n ní àkùkọ àkọ́kọ́ ni àwọn ń bá jáde ní Iléṣà. Wọ́n á gba ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbàrà-Òkè, wọ́n á forí lé apá Àkúrẹ́. Nígbà mìíràn, oòrùn á ti mú kí ọkọ̀ kan tó kọjá lára wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró lọ́rì láti òkèèrè, wọ́n á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á dúró wò ó títí yóò fi kọjá, nítorí ìran ni.

Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń wà á gun òkè?"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Wà á gun òkè bí? Títì là ń tì í. Òkè ni ó ń gùn ọ́ níbẹ̀. Tó o bá wá dé orí, o ó sọ̀ kalẹ̀, o ó tẹ bíréèkì títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi máa rùn."

Wọ́n ní ẹ̀rù méjì ló wà ní ọ̀nà ìgbà náà. Àkọ́kọ́ ni òjò, nítorí bí aṣọ bá tutù, àdánù dé. Èkejì ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, ó sì gbọ́dọ̀ ní iná bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí iná rẹ kò bá tàn, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá máa tì í bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́. A bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ọkọ̀ tó lè gbá èèyàn kò bà wọ́n. Bàbá ní, "Ọkọ̀ wo?"

Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ wa, ó sì dùn wá. Ọmọ ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n ni ẹni tí ọkọ̀ gbá.

A kò fẹ́ fi oyin bo ìtàn

Ó rọrùn láti máa sọ pé ayé àtijọ́ ló dára. Àwọn obìnrin inú wa ni kò jẹ́ ká gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n bi Bàbá pé, "Àwọn ìyá wa ńkọ́? Ṣé wọ́n gun kẹ̀kẹ́?" Bàbá ní rárá o, orí ni wọ́n fi ń ru tiwọn. Ìyá àgbà dá wa lóhùn láti inú ilé pé, "Ẹsẹ̀ mi ni Raleigh tèmi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ti rin ọ̀nà Òṣogbo pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, nígbà tí ọkùnrin ń gun irin. Ọ̀nà dá páropáro nígbà náà nítorí pé àwọn tó pọ̀ jù kò ní ohun tí wọn yóò gùn. Àìsí mọ́tò wọn kì í ṣe ìgbádùn tí ẹnì kan yàn, bíi ti àwọn ará Ítálì wọ̀nyẹn.

Bákan náà, òṣó tí à ń sọ yìí kì í ṣe eré fún ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí àlejò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀, tí àna rẹ̀ ń kọjá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọjú. Nígbà tí a béèrè nípa èyí, Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ń pè wá lórúkọ tí kò dáa. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà lára wọn, owó ta ni?" A kò lè dájọ́ láàárín wọn. A kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹnu méjèèjì.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe kúrò lọ́nà

Kò sẹ́ni tó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́rì pọ̀ sí i, títì ọ̀dà gbòòrò sí i, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé abúlé fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ tó lè wọ mọ́tò lọ sọ́jà Òṣogbo kò nílò ẹni tí yóò gbé aṣọ wá bá a. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní ìparí 1974 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àwọn òṣìṣẹ́ tó gba àjẹmọ́nú ra ohun tí ọkàn wọn ti ń fẹ́, alùpùpù sì wà lára rẹ̀. Olùkọ́ tó ń gun Raleigh bọ́ sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dẹnu kọlẹ̀, tí ètò SAP dé ní 1986, iṣẹ́ wọ́n, àwọn tó ní alùpùpù fi í gbé èrò, ni ọ̀kadà bá gba ìgboro.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Kẹ̀kẹ́ di àmì òṣì. Ẹni tó bá ń gùn ún, wọ́n á ní kò rí ọ̀kadà rà ni. Ohun tí bàbá kan fi kọ́lé di ohun tí ọmọ rẹ̀ ń tijú. Nígbà tí Òṣogbo sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ọkọ̀ pọ̀ sí i, wọ́n ń la títì kún títì. Kò sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú gọ́tà tàbí iwájú ọkọ̀, kí onítọ̀hún yan ọ̀kan.

Àwọn kan yóò ní ìlú aláfẹ́ nìkan ló lè máa ronú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo Rwanda. Ilẹ̀ olókè ni, kì í ṣe Yúróòpù, ó sì ti la ohun tó burú ju Kírìjí lọ kọjá ní 1994. Láti 2016, ìlú Kigali ti ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ tí mọ́tò kì í gba àwọn títì kan, tí àwọn èèyàn ń sáré, tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn lójú títì ti àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Orí òkè wọn gan-an ni àwọn àlejò wá bá.

Àwa náà ní ohun tí a lè fi hàn. Ìmèsí-Ilé sí Ìgbájọ, ilẹ̀ ogun Kírìjí nìyẹn. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, níbi tí omi Olúmirin ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Etí ojú irin láti Òṣogbo sí Ìkìrun nìyẹn, tí ọkọ̀ kì í sábà gbà mọ́. A kò sọ pé kí wọ́n ká irin kúrò o, nítorí a ṣì fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin padà sẹ́nu iṣẹ́ dáadáa. Ohun tí à ń sọ ni pé ilẹ̀ tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ohun tó ju agbára wa lọ. Bí a kò bá rí ti ojú irin, ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iléèwé tiwa. Ìlà kan tí a fi ọ̀dà funfun fà, àti òkúta ìdènà díẹ̀, ìyẹn ì bá ti dá apá ẹnì kan sí.

Agogo kan

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, a ní ká wo Raleigh wọn. A ti múra láti ya fọ́tò rẹ̀, a tilẹ̀ ti ra epo tí a ó fi pa ṣéènì rẹ̀. Bàbá ní kò sí mọ́. Ọdún méjì ṣáájú kí a tó dé, wọ́n ń tún ilé ṣe, àwọn ọmọ sì pe àwọn tó ń ra irin àlòkù wá. Wọ́n wọn kẹ̀kẹ́ náà mọ́ páànù ògbólógbòó àti ẹnu fèrèsé, wọ́n san owó gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèkà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ Bàbá.

Ohun méjì ló kù. Èkíní ni ìwé kékeré kan tí ọmọ iléèwé kan bá wọn kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí, orúkọ abúlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni agogo kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá ti yọ ọ́ sápò kí wọ́n tó gbé ìyókù lọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níwájú wa, ó sì dún. Ẹni tí ọkọ̀ gbá yẹn ni wọ́n fún. Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà báyìí.

A ti ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé náà, a sì ń to orúkọ àwọn abúlé inú rẹ̀ sórí máàpù, ká lè mọ ọ̀nà tí Bàbá gbà. Díẹ̀ nínú àwọn abúlé náà kò sí lórí máàpù kankan tí a rí. Bàbá nìkan ló lè júwe wọn fún wa, Bàbá sì ti dàgbà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni a fi parí. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, ní Iléṣà, ní Ìbòkun, ní Ẹ̀sà-Òkè, ní Òṣogbo, níbikíbi, ẹ bi wọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sọ́jà nígbà èwe wọn, àti ohun tí wọ́n fi ń lọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n bá dá sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé náà kí àwọn tó ń ra irin tó dé. Àwa pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ Raleigh Bàbá. Ẹ̀yin má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.